Kásẹ́ẹ̀tì Méje Tìámíyù Agẹrun

Ẹ jẹ́ n bi yín kí n tó fìdí kalẹ̀ dáadáa. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ títí ó ti sú yín. Àwọn tíṣà á ní ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, pé ohun tí ojú rí kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Wọn kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé ẹ̀fà kí ni, èje kí ni, ta ló kà wọ́n, níbo ló sì ti kà wọ́n, ẹ ó rí i pé ẹnu wọn á wọhò. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìkìrun ni, lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè, níbi tí èmi fúnra mi ti ń gẹrun. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi, ẹ bi í bóyá ó gẹrun ní Ìkìrun lọ́dún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Agẹrun méjì ló wà lójú ọ̀nà yẹn. Wọ́n kọjú síra wọn, títì nìkan ló là wọ́n láàrin. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti ọjà, ṣọ́ọ̀bù Tìámíyù ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ti Gbádébọ̀ wà lọ́wọ́ òsì. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà làwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́, àmọ́ Tìámíyù fi ọdún kan ṣáájú gba fírídọ̀mù. Òun ló kọ́ Gbádébọ̀ bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú kí wọ́n má baà gé oníbàárà létí. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Ìkìrun pé ọwọ́ Tìámíyù dán ju ti Gbádébọ̀ lọ. Orí tí Tìámíyù bá gẹ̀, eṣinṣin tó bà lé e á yọ̀ ṣubú. Orí tí Gbádébọ̀ bá gẹ̀ mọ́ níwájú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ni orí náà kò gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí èèyàn.

Nítorí náà, Tìámíyù kò jowú Gbádébọ̀ rí. Kí ló fẹ́ jowú? Àràárọ̀ ló máa ń dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á béèrè lọ́wọ́ Gbádébọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ, pẹ̀lú ohùn tí àwa fi ń bẹ aláìsàn wò.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe rí títí di ọjọ́ tí Ọláìítán wálé. Ọláìítán ni àbúrò Gbádébọ̀. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ náà a sì máa gúnlẹ̀ sí Jàpáánì. Lọ́dún yẹn, ó mú ẹ̀rọ géèmù kan bọ̀ tí àwọn ará Jàpáánì ṣe, irú èyí tí èèyàn ń gbá mú ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Ó ní ojú kékeré bíi fèrèsé tí àwòrán ń rìn nínú rẹ̀, ó ní bọ́tìnnì méjì fún àtàǹpàkò ọ̀tún, ó ní ohun kan tó rí bí àgbélébùú fún àtàǹpàkò òsì. Òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ló ń jẹ, kì í sì í yó. Géèmù kò sí nínú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ o. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà, ohun pẹlẹbẹ kan báyìí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí géèmù kan bá sú ẹ, o ní láti wá kásẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ló bá ẹ̀rọ náà wá. Gbádébọ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé kí àwọn oníbàárà máa fi ṣeré bí wọ́n bá ń dúró.

Ẹni tó kọ́kọ́ da omi sí Tìámíyù lọ́kàn ni Ọ̀gbẹ́ni Fárónbí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gẹrun lọ́dọ̀ Tìámíyù. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó dé ẹnu ọ̀nà Tìámíyù, ó kí i, ó ní òun ń bọ̀, ó sì fò sọdá títì. Ìgbà tó padà jáde, ó ti gẹrun. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ dà bí oko tí ewúrẹ́ jẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Tìámíyù ń wò ó bó ṣe ń lọ. Bó bá jẹ́ pé Fárónbí ń bínú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá sàn. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ni kò ṣeé gbé mì.

Owú kì í kí onílé kó tó wọlé. Ó kàn wọ àyà Tìámíyù lọ, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Tìámíyù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí tó ń wọ ọ̀dọ̀ Gbádébọ̀. Bí oníbàárà tirẹ̀ bá jókòó, á máa gẹ̀ ẹ́, á máa gbọ́ ẹ̀rín tó ń ti òdìkejì títì wá, á sì máa fi ìka tẹ orí oníbàárà náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dárúkọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún létí òun.

Sáfúrátù, ìyàwó rẹ̀, gbà á nímọ̀ràn tó dára. Ó ní kó sọdá lọ kí Gbádébọ̀ kú oríire, kó jókòó, kó wo ohun tí àwọn èèyàn ń wò. Tìámíyù wò ó bíi pé ó ní kó lọ jí ewúrẹ́.

Ó ní, "Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ mú, èmi ni n ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀?"

Kò lọ. Jímọ̀ ló rán. Jímọ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, lọ́rì ló ń wà lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Jímọ̀ sọdá, ó sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé Tìámíyù gẹ orí mẹ́ta kó tó dé. Ìgbà tó dé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ojú.

Tìámíyù bi í pé kásẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà níbẹ̀.

Jímọ̀ ní, "Ó ti di méjì. Ọláìítán tún fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n, Tìámíyù, ohun tó wà níbẹ̀ gan-an..."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó wà níbẹ̀. Iye ni mo bi ọ́."

Jímọ̀ bá pa ẹnu dé. Ọ̀rẹ́ tó mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Tìámíyù tú fáànù ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn lọ́rì Jímọ̀ pé kó bá òun fi pààrọ̀ ẹ̀rọ géèmù lọ́jà tòkúnbọ̀ l'Ékòó. Jímọ̀ padà dé pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí igun rẹ̀ ti ya, àti kásẹ́ẹ̀tì méjì nínú ọ̀rá. Èkíní jẹ́ ìjàkadì. Àwọn ọkùnrin abikùn-rọ̀bọ̀tọ̀ méjì tí wọ́n so ìbàǹtẹ́ mọ́dìí ló ń ti ara wọn kúrò nínú agbo. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan kọjú síra wọn, ìwé Jàpáánì kún ìsàlẹ̀ àwòrán. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á tún sọ òmíràn. Oníbàárà kan tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ títí wọ́n fi fi pọ́ńdà kùn ún lọ́rùn, ó wá ní kí Tìámíyù dákun bá òun yanjú ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya náà.

Àwọn kan wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n laagùn, nítorí kò sí fáànù mọ́, wọ́n sì sọdá títì.

Tìámíyù tún rán Jímọ̀. Ó ti di mẹ́ta lọ́dọ̀ Gbádébọ̀. Tìámíyù kò jẹ́ kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rédíò ńlá tó máa ń kọrin fún àwọn oníbàárà ló wọ lọ́rì lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tó dípò rẹ̀ ni géèmù ẹja pípa. Ọkùnrin kan jókòó sí etí odò, ó ju ìwọ̀ sómi, ó ń dúró. Ẹ̀yin náà ń dúró. Bàbá àgbà kan di ẹ̀rọ náà mú lórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí ẹja, oorun gbé e lọ. Wọ́n jí i nígbà tí ó kàn án láti gẹrun, ó ní kí wọ́n rọra, ẹja ti fẹ́ jẹ.

Lọ́jọ́ tí Gbádébọ̀ ní mẹ́rin, Tìámíyù fi jẹnẹrétọ̀ pààrọ̀ géèmù ọkọ̀ ojú irin. Ó rò pé ìyẹn á ṣiṣẹ́, torí ọmọ rélùwéè pọ̀ ní àdúgbò wa. Ohun tí ẹ máa ṣe níbẹ̀ ni pé kí ẹ dá ọkọ̀ dúró síbi tí wọ́n fàlà sí gẹ́lẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì gbà á wò lóòótọ́. Wọ́n gbé e fún ara wọn yíká, wọ́n sì fẹnu kò pé irọ́ ni, pé kò sí ọkọ̀ ojú irin tó ń dúró síbi tí wọ́n fàlà sí láyé. Wọ́n dìde.

Nígbà tó di márùn-ún lódìkejì, àga ìgẹrun lọ. Àga yẹn ni Tìámíyù fẹ́ràn jù. Ó ń yí, ó ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ń gbé orí lé. Ọ̀gá wọn ló fún un lọ́jọ́ fírídọ̀mù, kò sì fún Gbádébọ̀ ní irú rẹ̀. Jímọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó má gbé e sílẹ̀. Tìámíyù ní àga kò lè pa oníbàárà lẹ́rìn-ín. Kásẹ́ẹ̀tì tó gbà fún un jẹ́ ti oko ríro. Ẹ óò gbin nǹkan kan tó dà bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó, ẹ óò bomi rin ín, ẹ óò dúró kó hù. Àgbẹ̀ kan láti Ìba gbà á, ó wò ó fínnífínní, ó dá a padà. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni, orí ni òun wá gẹ̀.

Ní báyìí, àpótí mínírà ni àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Bí iná ìjọba bá lọ, Tìámíyù á fi sísọ́ọ̀sì parí iṣẹ́. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ṣì dára, ẹ má parọ́ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ pé ó fi ojú sí orí tó wà níwájú rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ì bá ṣì máa bá a ṣe. Ṣùgbọ́n òdìkejì títì ni ojú rẹ̀ máa ń wà.

Jímọ̀ wá mú ìròyìn dé pé Gbádébọ̀ ti ní mẹ́fà, pé ọkọ̀ Ọláìítán sì ti gba òkun mìíràn lọ, kò ní dé Jàpáánì mọ́ títí ọdún á fi yí po. Ẹ̀fà ti dúró. Inú Tìámíyù dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ra búrẹ́dì fún gbogbo ilé. Ó ka tirẹ̀, ó ní márùn-ún. Ó wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yíká. Ohun tó ṣẹ́kù tó ní láárí ni jígí, jígí ńlá tó gba ògiri kan tán, tí oníbàárà ń rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ láti orí dé ìdodo. Òun àti Jímọ̀ fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sọ́kọ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì méjì ni jígí náà mú wá. Nígbà tí wọ́n kì wọ́n bọ ẹ̀rọ, èkíní tún jẹ́ ìjàkadì, àwọn abikùn-rọ̀bọ̀tọ̀ kan náà, àwòrán ara páálí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Èkejì kì í tilẹ̀ ṣe géèmù. Aago ni. Ó ń ka ọjọ́, ó ń ka wákàtí, bí àsìkò bá tó, á kọrin díẹ̀. Tìámíyù kò bìkítà. Ẹ̀fà ni ìyẹn ní, èje ni òun ní. Ó wá pátákó kan, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà, ó gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù: ÈJE JU Ẹ̀FÀ LỌ. Ẹ WỌLÉ.

Ọjọ́ Ẹtì ló gbé e kọ́. Ẹni tó wọlé lọ́jọ́ náà ni Múfútáù, àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ìgbéyàwó rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ní kó lọ sí òdìkejì títì, ó ní rárá, ẹ̀jẹ̀ ju omi lọ, ọkọ ẹ̀gbọ́n òun ni yóò gẹrun ìgbéyàwó fún òun. Tìámíyù fi ayọ̀ gbà á. Ó gbé e lé orí àpótí mínírà, ó kì kásẹ́ẹ̀tì ìjàkadì bọ ẹ̀rọ, ó fi lé e lọ́wọ́. Iná ìjọba wà. Kílípà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ti fá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó mọ́ tónítóní. Ó wá kan iwájú orí tó fẹ́ rọra tún ṣe.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín bú jáde lódìkejì títì. Kì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Odidi bẹ́ǹṣì méjì ló ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́. Ojú Tìámíyù yí síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Kílípà kò mọ̀ pé ọ̀gá òun ti wo ibòmíràn. Ó gba iwájú orí Múfútáù wọlé, ó la àárín kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìpàkọ́.

Múfútáù ń bá àwọn oníjàkadì rẹ̀ jà lọ́wọ́, kò gbé ojú sókè. Ó kàn béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bọ̀dá, kí ló dé tí atẹ́gùn ń fẹ́ mi láàrin orí?"

Múfútáù wo ògiri láti rí ara rẹ̀ nínú jígí, ìṣó mẹ́rin ló rí. Ó dìde, ó jáde lọ síbi tí lọ́rì Jímọ̀ dúró sí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ jígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Títì kan ló là á lórí já, títì tó gbòòrò dáadáa.

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju pé kí wọ́n fá gbogbo rẹ̀ kodoro. Báyìí ni Múfútáù ṣe lọ síwájú àwọn àna rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí wọ́n tó ṣe àdúà ni ìyá ìyàwó ti ń béèrè lábẹ́lẹ̀ pé ta ló kú nínú ẹbí ọkọ, pé kí ló dé tí wọn kò túfọ̀ fún àwọn. Àwọn kan ti ń bá wọn kẹ́dùn. Sáfúrátù ló ń lọ láti àga dé àga, tó ń ṣàlàyé pé kò sẹ́ni tó kú.

Sáfúrátù kò pariwo nígbà tó délé. Ìyẹn ló ba Tìámíyù lẹ́rù. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó kó kásẹ́ẹ̀tì méjèèje sínú ọ̀rá, ó gbé wọn sí i lórí ẹsẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Ìdáyàtù, ẹ kó èje yín, ẹ lọ wo ẹ̀fà náà. Bí ẹ kò bá tíì fi ojú ara yín rí i, mi ò dáná fún yín."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ebi kì í bá owú gbé inú kan pẹ́. Tìámíyù gbé ọ̀rá rẹ̀, ó sọdá títì. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí ẹ̀rọ náà ti dé.

Ṣọ́ọ̀bù kún. Àwọn kan jókòó, àwọn kan dúró, àwọn tó ti gẹrun tán láti ìjẹta náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀, nítorí ọ̀kánkán ni gbogbo wọn ń wò. Tìámíyù náà wo ọ̀kánkán. Ó rí tábìlì kan. Ó rí kásẹ́ẹ̀tì márùn-ún lórí rẹ̀, eruku ti bò wọ́n. Ó mọ̀ pé ẹ̀kẹfà ló máa wà nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tábìlì náà, lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn gan-an, ìyá arúgbó kan jókòó sórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ẹ̀rọ náà sún mọ́ imú.

Màmá Àwẹ̀ró ni, ìyá Gbádébọ̀. Ilé wọn wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló máa ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹni tó wà lódìkejì títì kò fi lè rí i. Ìrànwú ni màmá yìí ṣe láti kékeré títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, kò sì sí àtàǹpàkò tó yá bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìkìrun. Gíláàsì ojú Ọ̀gbẹ́ni Fárónbí ló lò lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà jókòó sórí àga Gbádébọ̀, kò ríran, inú rẹ̀ ń dùn.

Nínú géèmù náà, ọkùnrin kúkúrú kan tó dé akẹtẹ̀ ru apẹ̀rẹ̀ ẹyin, ó ń gba orí afárá kọjá. Màmá ti sọ ọ́ ní Àkàndé. Àkàndé ni orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, alágbàrù ní rélùwéè. Bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ló ń bá a wí.

"Àkàndé, máa wolẹ̀. O kò wolẹ̀ rí láyé rẹ. Ẹrù ọlọ́jà Ọ̀fà lo rù lọ́jọ́ yẹn, o rí Àbẹ̀kẹ́ aláró, o yíjú, o sì wọ kòtò. Àbẹ̀kẹ́ mìíràn ń bọ̀ níwájú yìí o, mo ti rí i. Fò ó. Má kí i. Mo ní má kí i."

Ọkùnrin alákẹtẹ̀ náà fo ohun tó ń bọ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó. Àwọn arúgbó tó mọ Àkàndé ń lu itan, wọ́n ń fi kún un pé Àbẹ̀kẹ́ nìkan kọ́, pé ti ìyàwó ọ̀gá ibùdókọ̀ náà wà níbẹ̀. Màmá ní òun mọ̀, pé ìyẹn ń dúró de Àkàndé ní afárá kẹta, pé kí wọ́n fara balẹ̀.

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Tìámíyù kó tó rántí pé òun ń jowú. Màmá gbọ́ ẹ̀rín náà. Kò gbé ojú sókè.

Ó ní, "Ta ló rẹ́rìn-ín bí ọmọ mi Tìámíyù yẹn?"

Gbádébọ̀ wo ẹnu ọ̀nà, kílípà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá Tìámíyù ni lóòótọ́, Màmá."

"Tìámíyù tó máa ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò mi nígbà tí ẹ ń kọ́ṣẹ́? Gbogbo ìgbà ni mo ń bi Gbádébọ̀ pé ibo lo wà. Ó ní o wà lódìkejì títì. Mo wá ní, ṣé títì náà ti di odò ni?"

Tìámíyù dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, ìgbà tí orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu màmá yẹn, owú tó wà láyà rẹ̀ kò jáde. Ńṣe ló kàn ṣípò. Tẹ́lẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì ló ń jowú. Ní báyìí, ìyá ni. Ìyá tirẹ̀ ti kú kó tó gba fírídọ̀mù.

Màmá ní òun gbọ́ pé ó ní èje, kó kó wọn wá. Ó kì wọ́n bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tìámíyù kò rekọjá ìpele àkọ́kọ́ rí nínú èyíkéyìí nínú wọn. Màmá ti àwọn oníjàkadì jáde nínú agbo ní gbogbo ìgbà, ó ń pe wọ́n ní àwọn agbowó-orí ayé ọjọ́un, inú àwọn àgbà sì ń dùn sí bí wọ́n ṣe ń ṣubú. Ní ti tọkọtaya tó ń sọ̀rọ̀, kò mọ ìwé Jàpáánì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ tiwa, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ ìjà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkùnrin méjì sì dìde lọ bẹ ìyàwó wọn nílé. Nínú géèmù ẹja, ó sọ ìtàn nígbà tó ń dúró, ìtàn náà dùn débi pé nígbà tí ẹja jẹ ìwọ̀, àwọn èèyàn ní kó tú u sílẹ̀. Ó dá ọkọ̀ ojú irin dúró síbi tí wọ́n fàlà sí, àwọn ará rélùwéè sì bọ́ fìlà fún un. Aago ló kàn kẹ́yìn. Ó kọrin, ó dákẹ́. Màmá ní òun fẹ́ràn ìyẹn jù, torí nínú gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí, aago náà nìkan ló mọ ìgbà tó yẹ kí èèyàn dákẹ́.

Nígbà tí Tìámíyù jáde, Jímọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́rì rẹ̀. Tìámíyù bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun láti ọjọ́ yìí. Jímọ̀ ní iye ló béèrè.

Tìámíyù wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò sí fáànù, tí kò sí àga, tí kò sí jígí. Ó wá sún mọ́ Jímọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Jímọ̀, kílípà mi ṣì wà. Lọ́jà tòkúnbọ̀ yẹn, ṣé wọn kì í ní màmá àgbà?"

Jímọ̀ wò ó lójú títí. Ó ní, "Tìámíyù, padà sílé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

Ẹ má rò pé ó gbọ́ ní kíá. Ó lọ sí Òkukù lọ mú ìyá Sáfúrátù wá, ó tẹ́ ẹní fún un lẹ́yìn tábìlì, ó to kásẹ́ẹ̀tì méje síwájú rẹ̀. Ìyá náà gba ẹ̀rọ, ó wò ó, ó gbé e sábẹ́ orí, ó sùn. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi sùn níbẹ̀. Àwọn oníbàárà ń yọ́ wọlé, wọ́n ń yọ́ jáde.

Gbádébọ̀ ló wá sọdá títì fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé kílípà rẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, pé èèyàn ti pọ̀ jù, ọwọ́ òun kò sì dára, àwọn méjèèjì mọ̀. Tìámíyù fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe agídí, lọ́jọ́ kẹrin ó lọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀yìn orí gbogbo Ìkìrun ti mọ́. Ṣùgbọ́n òjòwú ṣì ni o. Títí di ọjọ́ tí mo fi kúrò nílùú, bí Màmá Àwẹ̀ró bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ géèmù tó sì kọ́kọ́ pe Gbádébọ̀ kó wá wò ó, ẹni tí Tìámíyù bá ń gẹ̀ lọ́wọ́ á mọ̀ ọ́n lára.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá rí nǹkan mẹ́fà lọ́dọ̀ ọmọnìkejì yín, tí àyà yín ń ta, tí ẹ fẹ́ lọ tú jígí ilé yín láti fi wá èje, ẹ sọdá títì ná, kí ẹ lọ wo ẹni tó jókòó sórí ẹní. Àwọn àgbà kò parọ́: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.